Orúkọ Ìyá Ànú

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ànúolúwa ti pinnu pé òun yóò dójú ti Ọ̀gá Oyèlékè. Ohun tó kù tí kò tíì pinnu kò ju aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá ṣe é lọ. Ọ̀yọ́ ló ń lọ, sí ilé-iṣẹ́ Kajúlọlá, níbi tí wọ́n ti lé e bí ajá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọn kò mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Alhaja Waliyat tó ni ilé-iṣẹ́ náà ló ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ kan ní Ìbàdàn pé kí wọ́n wá bá òun wo ìdí tí àká dátà àwọn fi ń falẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn yẹn gan-an ni Ànú sì ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ tuntun ka orúkọ oníbàárà náà fún un lórí fóònù, ó ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wọ balùwẹ̀ lọ, ó tìlẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ẹ má tíì pè é ní ìkà o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Kajúlọlá a máa ra kajú lọ́wọ́ àwọn obìnrin jákèjádò Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ a máa gbé ìròyìn jáde pé lágbájá kó àpò báyìí wá sí ibùdó báyìí. Ìròyìn yẹn ni àwọn awakọ̀ lọ́rì ń wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. Àkọsílẹ̀ náà kò sí lórí kọ̀ǹpútà kankan ní Ọ̀yọ́. Inú àká kan ló wà lójú kíláòdù, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn lókè òkun ni wọ́n háyà, bí ó bá sì ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń gun òkè. Ànú ló kọ́ àká yìí láti ìpìlẹ̀. Ó fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń tà fún wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì fún wọn.

Ọ̀gá Oyèlékè, olórí ẹ̀ka dátà, ló ní kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́. Àwọn obìnrin ń gbàgbé káàdì sílé, àwọn tó ń wọn kajú sì ń ráhùn.

"Ta ló ń fi nọ́ńbà pe ìyá rẹ̀?" ló wí ní ìpàdé, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Kabir ni Ìyá Kabir ń jẹ́. Bí gbogbo ọjà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀gá, Ìyá Kabir pọ̀ o," Ànú wí.

"Jókòó, jàre."

Ànú jókòó, wọ́n sì pa nọ́ńbà rẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn òwúrọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ìròyìn ọ̀sán. Àwọn lọ́rì ń gúnlẹ̀ sí Takie láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn awakọ̀ ń sùn lábẹ́ wọn. Òjò àkọ́rọ̀ wá bá kajú ní gbangba ní àwọn ibùdó, kajú hu, àwọn obìnrin sì ń dà á nù pẹ̀lú èpè. Nígbà tí Alhaja Waliyat béèrè ohun tó fà á, Ọ̀gá Oyèlékè kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀ kó tó nawọ́ sí Ànú. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ni, kò mọ àká kọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ànú ì bá gbàgbé ìyẹn. Iṣẹ́ ń bọ́, èèyàn ń rí òmíràn. Ohun tí kò lè gbàgbé ni ti ìyá rẹ̀. Àtinúkẹ́ lorúkọ ìyá náà, ó ń ta kajú ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá àgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn. Láìsọ fún ọmọ rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Oyèlékè, ọkùnrin tí ó tó bí lọ́mọ, pé kó jọ̀ọ́ kó má ba ayé ọmọ òun jẹ́. Ọ̀gá ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Kò dúró. Ó jẹ ẹ́, ó họ egungun ẹran, ó mumi, ìyá àgbàlagbà wà lórí eékún níwájú tábìlì. Ìgbà tó nu ẹnu tán ló pe Sàídù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Bá mi mú Ìyá Ànú síta. Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Sàídù ló sọ ọ́ fún Ànú, omijé lójú. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Àwọn obìnrin tí kajú wọn hu ń yínmú sí i ní Ọjà Igbó pé ọmọ rẹ̀ ló fà á. Ó ń ta ọjà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ànú kò ti fẹ́ ju nǹkan kan lọ láyé yìí: kí Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá òun, nínú eruku Ọjà Igbó, lọ́sàn-án gangan, kí àwọn èèyàn máa wò ó.

Sàídù ló ṣí géètì fún un ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wò ó, ó tún un wò, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí Ànú! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, Bùọ̀dá Sàídù. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Nígbà tí Ọ̀gá Oyèlékè rí i, ó kọ́kọ́ ní, "Ìwọ wá kí ni níbí?" Alhaja tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹni tí Ìbàdàn fi ránṣẹ́ nìyí." Bí "ìwọ" ṣe di "ẹ" nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn." Ànú ní ẹ ṣé, sà. Inú rẹ̀ ń dùn sí "ẹ" yẹn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ. Ọ̀gá ṣàlàyé pé dátà ló pọ̀ jù, pé òun ti ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ tí wọ́n háyà tóbi sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àfi kí wọ́n tún fi kún un. Ànú ń mi orí. Ó ní kí wọ́n ṣá fún òun láṣẹ láti rí purofáìlì àwọn kuẹ́rì.

Ìbéèrè tí èèyàn bá kọ pé kí ẹ̀rọ wá ìdáhùn sí nínú àká ni wọ́n ń pè ní kuẹ́rì. Bí kuẹ́rì kan bá ti ṣiṣẹ́ tán, ẹ̀rọ a máa ya ìrìn rẹ̀ sójú ewé kan ní ìpele-ìpele: bó ṣe pẹ́ tó lórí ìlà kó tó kàn án, iye dátà tó kó jáde nínú àká, iye ìlà àkọsílẹ̀ tó wọ ìpele yìí àti iye tó jáde níbẹ̀, bí ọpọ́n iṣẹ́, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ ti ń to dátà, bá kún tí dátà ń ṣàn sílẹ̀. Purofáìlì nìyẹn. Nígbà tí Ànú wà níbẹ̀, Ọ̀gá kò fún un láyè láti wò ó rí. Ọ̀gá pàápàá kì í wò ó. Bí ẹ̀rọ bá ti falẹ̀, ẹ̀rọ tó tóbi sí i ló mọ̀.

Ànú ṣí ti ìròyìn òwúrọ̀. Kò lo àkókò níbi kíka dátà, kò sì pẹ́ lórí ìlà. Ìpele kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo àkókò náà run, ibi tí kuẹ́rì ti ń so àpò kajú pọ̀ mọ́ obìnrin tó ni ín. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ló wọlé síbẹ̀. Ohun tó jáde kò ṣeé kà. Ọpọ́n kún, ó ṣàn sílẹ̀, ẹ̀rọ ń kó o padà, ó tún ń ṣàn, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀wà tó kún pápá nínú atẹ kan ṣoṣo. Ó wo ohun tí wọ́n fi so wọ́n: orúkọ. Ìyá Kabir mọ́ Ìyá Kabir. Ó wo ẹni tó kọ kuẹ́rì náà. Orúkọ Oyèlékè ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí wọ́n lé Ànú.

Ó fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní kí wọ́n bá òun ra omi tútù.

Ó lè tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún un ṣe ní kọ̀rọ̀, Oyèlékè yóò kí i kú iṣẹ́, yóò sì máa jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ. Nígbà tí Alhaja béèrè ní ìrọ̀lẹ́ bóyá ó ti rí nǹkan kan, ó ní, "Mo ṣì ń wò ó, mà. Ẹ jẹ́ kó di ìpàdé àwọn olùdarí." Òjò rọ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ìyá rẹ̀ pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé lọ́rì kò tètè dé, pé kajú òun rin gbingbin. Ó dun Ànú. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ìbínú ọdún méjì lágbára ju kajú lọ. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màámi," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó wọ aṣọ pupa. Ó fi ẹ̀rọ tan purofáìlì náà sára ògiri kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ọ̀gá Oyèlékè, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣàlàyé kuẹ́rì yìí. Orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀."

"Dátà ló pọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Alhaja."

"Ẹ wo ìpele yìí, sà. Èyí tó wọlé kò pọ̀. Báwo ló ṣe di rẹpẹtẹ nígbà tó ń jáde? Ta ló ń bí wọn níbẹ̀?"

Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè lóye. Ìyẹn ló tún ba ti ara rẹ̀ jẹ́, nítorí Alhaja Waliyat kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan kan ju òye òun lọ.

"Ìwọ, ṣàlàyé fún mi," ó wí fún Ànú.

"Alhaja, ẹ má bínú o, kí ni wọ́n ń pè yín ládùúgbò?"

"Ìyá Mubaraq."

Ànú tẹ orúkọ náà wọ inú àká. Ìyá Mubaraq kún ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n ṣì ń bọ̀. Ẹnu Alhaja là sílẹ̀.

"Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé àpò kan wá, ẹ̀rọ ò mọ èwo ni. Ó máa gbé àpò yẹn lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn. Bí ẹlòmíràn bá gbé tirẹ̀ wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá wá so gbogbo ẹ̀ tán, Ọ̀gá ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí pé kó ṣa èyí tó bá jọra dànù, kí iye àpò lè pé. Ìdí tẹ́nikẹ́ni ò fi fura nìyẹn. Iye ń pé, ilẹ̀ ló ń ṣú."

Ó wá ṣí kuẹ́rì tí òun kọ, tó fi nọ́ńbà fóònù àti ibùdó kún orúkọ. Alhaja gbọ́wọ́ sókè láti tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Kó tó sọwọ́ kalẹ̀, ìròyìn ti jáde.

Ànú kọjú sí i. "Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi nìyẹn, Alhaja. Wọ́n ní èmi ni mo ṣe é."

Alhaja yíjú sí Oyèlékè. "Kó ẹrù ẹ."

"Ẹ má lé wọn, mà," Ànú wí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní, ó mà jẹ́ orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, Ànúolúwa. Ọ̀gá Oyèlékè fúnra rẹ̀ gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n yọ nínú kànga. Ànú jẹ́ kó mí dáadáa kó tó sọ ìyókù.

"Nọ́ńbà fóònù lásán ò tó, mà. Fóònù ń sọnù, ìyá àti ọmọ sì ń lo ẹyọ kan. Kò síbi tá a fẹ́ gbà, àfi kí obìnrin kọ̀ọ̀kan tún sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ká wá fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ẹni tó pa nọ́ńbà rẹ́ ni kó lọ gbà á padà. Kó má rán ẹnikẹ́ni. Ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi béèrè. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Igbó. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti mọ Ọ̀gá rí."

Alhaja rẹ́rìn-ín músẹ́. Oníṣòwò ni, ó mọ ìyà tó bá lérè. "Títí tí orúkọ tó gbẹ̀yìn á fi wọlé," ó wí fún Oyèlékè, "o ò gbọdọ̀ fi ìdí kan àga ẹ."

Ànú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kó tó di pé ọkùnrin náà dé Ọjà Igbó. Ìyá gbọ́, kò sọ ju "ó dáa" lọ. Ànú lọ dúró sí ìsọ̀ Grace aránṣọ ní òdìkejì, ó ń wòran. Ọ̀gá Oyèlékè dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ tó gan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí ìyá, ó dá a mọ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Ànú. Ó nà gbalaja sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ dárí jì mí."

Ohun tí Ànú ti ń retí nìyẹn. Ara rẹ̀ yá gágá, ó di ara ilẹ̀kùn Grace mú. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn, bẹ́ẹ̀ ló ti ń bínú sí ìyá rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ sọ pé, dìde, ọmọ mi, Ọlọ́run ti dárí jì ọ́.

Ìyá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa abọ́ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra, ó ṣí i. Ìrẹsì ni. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó họ egungun ẹran, ó fi eyín ya ọ̀rá omi, ó mu ún tán. Oníbàárà kan dé, ó dá a lóhùn, ó wọn kajú fún un, ó gba owó. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tó fọwọ́ tán ló wò ó.

"Kí lo wá ṣe?"

"Orúkọ yín ni mo wá gbà, mà."

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, mà. Ìyá Ànú ni."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rọ ò ní gbà á, mà. Orúkọ tí wọ́n sọ yín ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ìyá wí. "O ò wá a tẹ́lẹ̀. Dìde, máa lọ gba ti àwọn yòókù. Tó bá ku tèmi nìkan, kó o padà wá."

Ó gba ti àwọn yòókù lóòótọ́. Gbogbo ìgbà kajú ló fi ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, láti abúlé dé abúlé, bàtà rẹ̀ jẹ, ohùn rẹ̀ há. Ìyá Kabir di Ṣẹ̀fíátù, Ìyá Mubaraq di Morẹ́nikẹ́, di Raliat, di Ọmọ́wùmí. Ìgbà tó kù ẹyọ kan, ó padà dé Ọjà Igbó, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún wá, ìyá ní ọjà ò jẹ́ kí òun ráyè. Ó bi Grace, Grace ní, "Ìyá Ànú là ń pè wọ́n o." Ó bi àwọn obìnrin tó ti ń yínmú sí ìyá nígbà kan. Àwọn náà mọ orúkọ náà dáadáa, wọ́n sì panu mọ́. Wọ́n ti gbọ́ ẹni tó jẹ́ kí kajú àwọn hu.

Ànú pàápàá ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó bi ìyá rẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣa kajú.

"Màámi, kò tíì tó?"

Ìyá kò gbójú sókè. "O ní o fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀. Tìẹ nìyẹn. Tèmi ni mò ń ṣe lọ́wọ́ yìí."

Báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìròyìn Kajúlọlá ń jáde, lọ́rì kì í sùn sí Takie mọ́. Ànú máa ń ṣí purofáìlì láti Ìbàdàn wò ó. Ìpele tó ń jẹ àkókò run níjọ́sí kì í gba ìṣẹ́jú mọ́. Ohun tó bá wọlé náà ló ń jáde. Gbogbo orúkọ ló pé, àfi ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá: Ìyá Ànú, Ọjà Igbó. Àga Ọ̀gá Oyèlékè ṣì ṣófo.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pe Ànú láàárọ̀ àná. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Àǹtí Ànú, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín lásán ni. Kí lorúkọ màmá?"

Ìlà náà wà níwájú Ànú bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìka rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Kò gbà ju kó tẹ Àtinúkẹ́ síbẹ̀ lọ, kí ohun gbogbo sì parí. Ó rántí Sàídù tí omijé wà lójú rẹ̀. Ó ká ìka kúrò.

"Ẹ lọ bi wọ́n, ọ̀gá," ó wí. "Wọ́n wà ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná."